Ṣéènì Kì Í Ṣe Aago: Aago Àpò Amẹ́ríkà àti Aṣọ Iyì ní Ìjẹ̀bú

Ìfáàrà

 Bí olùkọ́ lítíréṣọ̀ bá dìde láti sọ̀rọ̀ níwájú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ohun tí a máa ń retí ni pé kí ó mú ìwé kan dání, kí ó sì tú ìtumọ̀ rẹ̀ palẹ̀. N kò mú ìwé wá. Aago àpò kan ni mo mú wá. Ó rí roboto, ojú rẹ̀ funfun bí àwo tánganran, ṣéènì rẹ̀ sì gùn tó láti ti ihò bọ́tìnnì dé inú àpò. Síbẹ̀, èmi yóò kà á fún yín bí ẹni ń ka ìwé, nítorí pé a kọ nǹkan sí inú rẹ̀.

Àríyànjiyàn kan nínú ẹbí wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni ó sún mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Bàbá tí ó bí bàbá mi ni ó ni aago náà. Láti 1979 ni aago náà ti dákẹ́. Nígbà tí Ojúde Ọba ọdún 2024 ń bọ̀, àbúrò bàbá mi, tí ó jẹ́ olórí ẹbí wa báyìí, fẹ́ gbé e wọ̀ nígbà tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ bá múra lọ kí Awùjalẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹnìkan ti sọ fún un pé a lè yọ gbogbo ẹ̀rọ àtijọ́ inú rẹ̀ dànù, kí a fi ẹ̀rọ oníbátìrì rọ́pò rẹ̀, kí a sì fi wúrà tuntun kùn ún. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n yọ inú rẹ̀." Wọ́n wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ta ni yóò wo inú rẹ̀? Ṣéènì ni ayé ń rí."

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ìrínisí ni ìsọni lọ́jọ̀. Kò sí ọmọ Ìjẹ̀bú tí a ó kọ́ ní ẹ̀kọ́ yìí. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò ni èyí: kí ni aago àpò jẹ́ fún àwọn bàbá wa tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e kọ́ àyà? Ṣé ọ̀ṣọ́ lásán ni, tí wọ́n fi ń fara wé òyìnbó, àbí ó ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe fún wọn? Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ni yóò sọ fún wa bí ó ṣe yẹ kí a tún un ṣe.

Orúkọ tí a fún un

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú èdè, nítorí ibẹ̀ ni ọwọ́ mi mọ̀ jù. Kí aago tó dé, Yorùbá kò ṣàì ní ọ̀nà tí a ń gbà pín ọjọ́. Àkùkọ á kọ, àfẹ̀mọ́júmọ́ á dé, òwúrọ̀ á mọ́; ìyálẹ̀ta á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ọ̀sán gangan, ìrọ̀lẹ́, àṣálẹ́ àti ọ̀gànjọ́. Ọjà ni a fi ń ka ọjọ́: ọjọ́ ọrún, ọjọ́ ìsán, ìtàdógún. Àkókò wọ̀nyí fẹ̀, ó sì gba ènìyàn láyè. Ẹni tí ó ní òun ń bọ̀ ní ìyálẹ̀ta kò pẹ́, kò sì yá, níwọ̀n ìgbà tí oòrùn kò bá tíì kan àtàrí.

Ẹ̀sìn Ìmàle mú ọ̀rọ̀ kan wá fún wa. Láti inú èdè Lárúbáwá ni "wákàtí" ti wá, ó sì gba ọ̀dọ̀ Hausa kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Bíbélì Yorùbá, tí a tẹ̀ jáde lódindi ní 1884, fi lò ó láìbéèrè ibi tí ó ti wá. Ní ti "aago", láti inú "agogo" ni a ti fa á yọ. Ohun tí a ń gbọ́ ni a fi sọ orúkọ ohun tí a ń wò. "Ìṣẹ́jú" ní tirẹ̀ wá láti ara ojú ènìyàn, nítorí bí a ti ń ṣẹ́jú ni a fi wọn àkókò kékeré; nígbà tí a sì wá ohun tí ó kéré ju ìyẹn lọ, a wo ojú àáyá, a rí i pé ó ń yára ṣẹ́ ju tiwa lọ, a pe àkókò náà ní "ìṣẹ́jú-àáyá".

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin agogo àti aago àpò. Gbogbo ìlú ni agogo ń ké sí. Bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì bá dún, ẹni tí ó wà lóko pàápàá gbọ́. Ṣùgbọ́n aago àpò jẹ́ agogo tí ẹnì kan ṣoṣo ń gbọ́. Ẹni tí ó ni ín lè mọ ohun tí àwọn tí ó yí i ká kò mọ̀, ó sì lè fi ohun tí ó mọ̀ ko ẹni tí ó ń pe àkókò fún un lójú. Ọ̀ràn yìí yóò tún padà wá nígbà tí a bá dé orí ìwé ìṣirò bàbá àgbà.

Ibi tí ó ti wá

Ní 1850, Thomas Jefferson Bowen, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Ní ọdún kan náà, Aaron Dennison, Edward Howard àti David Davis dá ilé-iṣẹ́ aago sílẹ̀ ní Roxbury, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Ní 1854 wọ́n kó lọ sí Waltham, ìlú tí aago wọn fi ń jẹ́ orúkọ títí di òní. Ìbẹ̀rẹ̀ náà kò rọrùn. Ní 1857 gbèsè wó ilé-iṣẹ́ náà, ẹlòmíràn sì rà á. Ní 1858, nígbà tí àwọn ará Waltham ṣì ń tiraka, ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ Smithsonian ní Washington tẹ ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá tí Bowen kọ jáde. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ẹnu wa ti wà nínú ìwé ní Amẹ́ríkà nígbà tí aago Amẹ́ríkà ṣì ń kọ́ ìrìn.

Ọgbọ́n tí àwọn ará Waltham mú wá ni mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Switzerland nígbà náà, ọwọ́ ni oníṣẹ́ fi ń mú ẹ̀yà aago kọ̀ọ̀kan bá èkejì mu. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́, àfi kí ẹnìkan tún rọ òmíràn fún aago yẹn nìkan. Àwọn ará Waltham lo ẹ̀rọ láti gé ẹ̀yà tí ó bára dọ́gba, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀yà aago kan fi lè wọ inú aago mìíràn tí ó jẹ́ irú kan náà. Wọ́n tún ń kọ nọ́ńbà sára ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, kí a lè mọ irú ẹ̀yà tí ó bá a mu. Nígbà tí wọ́n pàtẹ iṣẹ́ wọn níbi ìpàtẹ ńlá ìlú Philadelphia ní 1876, ẹnu ya àwọn ará Switzerland tí wọ́n wá wò ó, wọ́n sì padà sílé lọ kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn wọn pé ewu ń bọ̀.

Ọkọ̀ ojú irin ni ó jẹ́ kí aago àpò Amẹ́ríkà di ohun tí kò gba àṣìṣe. Ní oṣù kẹrin 1891, ọkọ̀ ojú irin méjì forí sọ ara wọn ní Kipton, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Ohun tí a gbọ́ ni pé aago ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ ti dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí rìn láìjẹ́ pé ó mọ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n gbé iṣẹ́ lé Webb C. Ball lọ́wọ́ láti ṣètò àyẹ̀wò aago. Òfin tí ó jáde lẹ́yìn náà ni pé aago òṣìṣẹ́ ojú irin kò gbọdọ̀ yá tàbí lọ́ra ju ìṣẹ́jú-àáyá 30 lọ láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Irú aago báyìí wọ́n. Ṣùgbọ́n ti olówó nìkan kọ́ ni Amẹ́ríkà ń ṣe. Láti 1896 ni Ingersoll ti ń ta aago tí kò ní òkúta iyebíye kankan nínú, tí owó rẹ̀ kò ju dọ́là kan lọ.

Báwo wá ni aago Waltham ṣe dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso? Èyí tí ó wà lọ́wọ́ mi dáhùn fúnra rẹ̀. Nọ́ńbà ara ẹ̀rọ rẹ̀ fi í sí àárín 1917 sí 1920. Amẹ́ríkà ni ẹ̀rọ náà ti wá, ṣùgbọ́n àkọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ti Amẹ́ríkà. Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe é, orúkọ tí ó sì wà lára rẹ̀ ni Dennison. Aaron Dennison tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ni. Ó kúrò ní ilé-iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀, ó kọjá òkun, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àkọ̀ aago ní Birmingham, níbi tí ó kú sí ní 1895. Ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń rán àkọ̀ fún ọ̀pọ̀ aago Waltham tí a ń tà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní àwọn ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀. Oòrùn, Òṣùpá àti Ìràwọ̀ ni wọ́n fi sọ àwọn àkọ̀ tí a fi awẹ́ wúrà bò lórúkọ, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Òṣùpá ni tiwa. Bàbá àgbà, tí òṣùpá ni ìyá rẹ̀ fi ka oṣù oyún rẹ̀, wá gbé òṣùpá mìíràn sí àpò.

Èkó ni irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ń gúnlẹ̀ sí. Ẹ rántí pé ojú irin láti Èkó gba Abẹ́òkúta dé Ìbàdàn, ó sì fi Ìjẹ̀bú sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ojú omi ni ọ̀nà tiwa: láti Èkó lórí ọ̀sà dé Ẹ̀jìnrìn àti Ẹ̀pẹ́, títí dé Ìwòpin àti Mákùn-Omi ní agbègbè tí a ń pè ní Ogun Waterside lónìí. Ìjẹ̀bú ti ń ṣọ́ ọ̀nà òwò wọ̀nyí tọkàntọkàn kí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ṣẹ́gun wa ní Ìmàgbọn ní oṣù karùn-ún 1892, ọdún kan péré lẹ́yìn ìjàǹbá Kipton. Lẹ́yìn ogun yìí ni ilé-ẹ̀kọ́, kóòtù ìjọba àti ọ́fíìsì wọlé wẹ́rẹ́, olúkúlùkù wọn pẹ̀lú aago tirẹ̀ lára ògiri.

Aago àti oòrùn

Èyí tí ó wà lára ògiri yẹn, àkókò ta ni ó ń sọ? Oòrùn Èkó fi ìṣẹ́jú 13 àti ìṣẹ́jú-àáyá 35 ṣáájú oòrùn Greenwich. Ní oṣù keje 1905, ìjọba pàṣẹ pé kí a máa lo àkókò Greenwich gan-an. Ní 1908, wọ́n tún padà sí ti oòrùn Èkó. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1914, wọ́n sọ ọ́ di ààbọ̀ wákàtí ṣáájú Greenwich. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án 1919, wọ́n sọ ọ́ di odindi wákàtí kan, ibẹ̀ ni a sì wà di òní. Láàrin ọdún mẹ́rìnlá, a yí aago padà nígbà mẹ́rin, oòrùn kò sì yẹsẹ̀ rárá.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Bí aago bá lu méjìlá ọ̀sán, oòrùn kò tíì kan àtàrí; a ó ṣì dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 44 kí ọ̀sán tó gangan. Àgbẹ̀ tí ó bá wo òjìji ara rẹ̀ kò purọ́, akọ̀wé tí ó bá wo ògiri kò sì purọ́, ṣùgbọ́n wọn kò ní bára wọn pàdé. Bí owó bá sì wà láàrin àwọn méjèèjì, ta ni a ó gbà gbọ́? Ẹni tí ó ni aago ni. Nítorí náà, bí àgbẹ̀ kò bá fẹ́ kí a máa ti oòrùn rẹ̀ lójú, òun náà ní láti ní aago.

Ẹ̀rí mẹ́ta

Mo padà sí ọ̀rọ̀ ẹbí wa. Ìtàn tí a sọ fún gbogbo àwa ọmọ-ọmọ ni pé ọwọ́ sójà kan tí ó ti ogun dé ní 1946 ni bàbá àgbà ti ra aago náà, fún fáàrí. Ẹ̀rí mẹ́ta ni mo ní láti fi yẹ ìtàn náà wò.

Ẹ̀rí kìíní wà nínú ìdérí ẹ̀yìn aago. Ó jẹ́ ìṣe àwọn tí ń tún aago ṣe, níbi gbogbo láyé, pé kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa àmì wínníwínní sí inú ìdérí, kí wọ́n lè mọ aago tí ó bá tún padà wá. Ní 1994, nígbà tí mo ń kọ ìwé oyè ọ̀mọ̀wé mi, mo fi dígí tí ń sọ nǹkan di ńlá wo inú ìdérí yìí, mo sì fi pẹ́ńsù da àmì mẹ́ta kọ: 6-27, 11-38, àti 2-52. Bí a bá kà wọ́n sí oṣù àti ọdún, aago náà ti wà lọ́wọ́ atúnaagoṣe kan ní oṣù kẹfà 1927. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra. Ohun tí àmì náà sọ ni pé aago wà. Kò sọ pé bàbá àgbà ni ó ni ín nígbà náà. Ó lè jẹ́ pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni ó wà títí di 1946.

Ẹ̀rí kejì jẹ́ àwòrán kan tí ayàwòrán lu òǹtẹ̀ ọdún 1934 sí ẹ̀yìn rẹ̀. Bàbá àgbà jókòó, wọ́n wọ agbádá etù, fìlà wọn gẹ̀ sí apá òsì. Wọn kò wọ kóòtù, wọn kò sì wọ ẹ̀wù aláìlápá tí àwọn òyìnbó ń wọ̀ sábẹ́ kóòtù, tí a dá àpò kékeré sí nítorí aago. Ṣùgbọ́n ṣéènì kan jáde láti ihò bọ́tìnnì bùbá, ó sì wọ inú àpò agbádá lọ. Nígbà tí mo fi àwòrán yìí han àbúrò bàbá mi, wọ́n ní, "Ṣé o rí i? Ọ̀rọ̀ ti parí." Mo ní, "Bàbá, ṣéènì ni a rí, a kò rí aago." Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ayàwòrán ayé àtijọ́ máa ń ní kóòtù, bàtà àti ṣéènì nílé tí ó ń yá àwọn oníbàárà. Bí a bá fẹ́ kí ìtàn dúró lórí òótọ́, ṣéènì kì í ṣe aago.

Ẹ̀rí kẹta ni ìwé ìṣirò òwò kòkó. Bàbá àgbà ń gba kòkó jọ láti oko àwọn ará Ìjẹ̀bú-Igbó, wọ́n sì ń tà á fún ilé-iṣẹ́ òyìnbó kan tí n kò ní dárúkọ. Títí di oṣù kẹwàá 1935, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹrù kọ̀ọ̀kan ni "òwúrọ̀", "ìyálẹ̀ta" tàbí "ìrọ̀lẹ́". Lẹ́yìn náà ni a rí ojú-ìwé kan tí a kọ pẹ̀lú ìbínú, tí gègé fẹ́rẹ̀ẹ́ lu ìwé já. Owó kòkó yóò wálẹ̀ ní aago mẹ́rin ọjọ́ náà. Ẹrù bàbá àgbà dé ẹnu ọ̀nà kí mẹ́rin tó lù, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti gbà gbọ́; akọ̀wé ilé-iṣẹ́ náà nawọ́ sí ògiri, ó ní mẹ́rin ti kọjá. Owó tuntun, tí ó kéré, ni wọ́n san. Gbólóhùn tí ó gbẹ̀yìn ojú-ìwé náà kò ju mẹ́rin lọ ní ọ̀rọ̀: "N kò ní aago."

Oṣù méjì lẹ́yìn èyí, ìṣẹ́jú bẹ̀rẹ̀ sí hàn nínú ìwé náà. "Mẹ́fà ku mẹ́wàá." "Mẹ́jọ kọjá márùn-ún." Ohun tí ó sì yà mí lẹ́nu jù ni gbólóhùn tí wọ́n ń fi bẹ̀rẹ̀ ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan láti ìgbà náà. Ní ọjọ́ kan: "Aago wọn bá tiwa mu." Ní ọjọ́ mìíràn: "Aago wọn fi ìṣẹ́jú mẹ́ta yá ju tiwa, akọ̀wé gbà." Ẹ kíyè sí i pé ní àràárọ̀, kí òwò tó bẹ̀rẹ̀, àgbẹ̀ yìí ń wọ inú ọ́fíìsì lọ, ó ń yọ aago rẹ̀ síta, ó sì ń fi wé ti ògiri níwájú akọ̀wé. Agbádá ni ó ń jẹ́ kí wọ́n gbà á láyè láti wọlé. Aago ni ó ń jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ nígbà tí ó bá wọlé tán.

Ó ṣẹ́ ku kí a so ìwé ìṣirò yìí mọ́ aago tí ó wà lọ́wọ́ mi, nítorí aago mìíràn ni ó lè jẹ́. Ní oṣù kọkànlá 1938, láàrin owó àpò àti owó lọ́rì, mo rí i kà pé: "Àtúnṣe aago, ṣílè mẹ́ta àti sísì." 11-38 ni àmì kejì inú ìdérí. Fún ọjọ́ mẹ́sàn-án ṣáájú àkọsílẹ̀ náà, kò sí ìṣẹ́jú kankan nínú ìwé. "Ìyálẹ̀ta." "Ọ̀sán." "Ìrọ̀lẹ́." Bàbá àgbà ti padà sí abẹ́ oòrùn títí aago wọn fi dé. Nítorí náà, sójà 1946 kò sí nínú ìtàn yìí mọ́. Ó ti pẹ́ tí aago náà ti ń ṣiṣẹ́ kí ogun yẹn tó bẹ̀rẹ̀.

Ní ti ṣéènì inú àwòrán 1934, ẹ̀rí rẹ̀ wá já sí ohun tí ó pa mí lẹ́rìn-ín. Ní 1934, kò sí aago nídìí rẹ̀. Bàbá àgbà fúnra wọn ni wọ́n jẹ́rìí sí i ní 1935. Àwọn náà ti kọ́kọ́ gbà pé ṣéènì ni ayé ń rí. Ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ kòkó ni wọ́n ti kọ́ ẹ̀kọ́ mìíràn.

Àtúnṣe

Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ìdí tí mo fi ní ká má ṣe kó inú aago náà dànù, mo ti dáhùn. Ṣùgbọ́n kí n tó délé, ọ̀kan nínú àwọn ìbátan wa ti fi ìfẹ́ inú gbé e lọ fún ẹnìkan tí ń dán wúrà ní ìlú mìíràn. Onítọ̀hún yọ ìdérí, ó sì fi ẹfun àti aṣọ gbo ó nínú àti lóde títí ó fi ń kọ mànà. Ó rò pé ìdọ̀tí ni òun ń fọ̀. Nígbà tí mo tún fi dígí wò ó, 6-27 ti lọ, 11-38 ti lọ, ìlàjì 2-52 ni ó kù. Ìwé pẹ́ńsù 1994 ni ẹ̀rí tí ó ṣẹ́ kù. Bí kì í bá ṣe ti ìwé yẹn, n kò ní ọ̀nà láti so aago àti ìwé ìṣirò pọ̀ níwájú yín lónìí. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà aago náà ni àwọn ìlà wínníwínní wọ̀nyẹn, a sì ti sọ ọ́ di aṣọ ọmọdé.

A gbé e lọ bá bàbá kan tí ń tún aago ṣe ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Wọ́n tú u sílẹ̀ lórí aṣọ funfun. Sipíríńgì tí ó ń gbé e rìn ti ṣẹ́ sí méjì. Òróró ti gbẹ di oje. Ìpẹtà ti mú àwọn síkúrù, nítorí ọdún mẹ́jọ ni bàbá mi fi ṣe olùkọ́ ní Ìwòpin, tí aago náà sì wà nínú àpótí lẹ́bàá ọ̀sà, níbi tí afẹ́fẹ́ kì í gbẹ. Èyí tí ó burú jù ni pé ẹnu ọ̀pá tín-ín-rín tí ó di kẹ̀kẹ́ ìwọ̀ntúnwọ̀nsì mú ti kán. Kẹ̀kẹ́ yìí ni ó ń mì síwá sẹ́yìn nígbà 18,000 láàrin wákàtí kan, òun sì ni èémí aago.

Bàbá náà kò sọ̀rọ̀. Wọ́n fa agolo mílíìkì kan jáde lábẹ́ tábìlì, ó kún fún òkú aago. Wọ́n yọ Waltham kan tí ojú rẹ̀ ti fọ́, tí àkọ̀ rẹ̀ ti sọnù, wọ́n fi wé tiwa, wọ́n sì yọ ọ̀pá tí ó wà nínú rẹ̀. Ó wọlé láìsí pé a fi ayùn kàn án. Ohun tí wọ́n pète ní Massachusetts ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ó ṣẹ lójú mi lórí tábìlì kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ilé-iṣẹ́ Waltham ti ti ìlẹ̀kùn iṣẹ́ aago rẹ̀ láti 1957, ṣùgbọ́n òkú aago kan ṣì lè ya èkejì ní ẹ̀yà ara. Bí a bá ti kó ẹ̀rọ náà dànù tí a sì fi bátìrì rọ́pò rẹ̀, aago ọjà ni a ó ní nínú àkọ̀ bàbá wa.

Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má ṣe fi wúrà kùn ún, kí wọ́n sì má pààrọ̀ ojú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ ní ìlà tín-ín-rín kan lẹ́bàá nọ́ńbà mẹ́jọ. Wọ́n fọ inú rẹ̀, wọ́n fi sipíríńgì tuntun sí i, wọ́n kán òróró díẹ̀díẹ̀ sí i. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dé ìdérí rẹ̀, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣé kí n fọwọ́ sí i?" Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n fọwọ́ sí i. Wọ́n mú abẹ́rẹ́, wọ́n sì kọ 5-24.

Ìkádìí

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti gbìyànjú láti fi hàn pé aago àpò Amẹ́ríkà tí àwọn bàbá wa gbé kọ́ aṣọ iyì kì í ṣe àfarawé lásán. Òótọ́ ni pé àwọn kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ṣéènì, bàbá àgbà tèmi náà sì wà lára wọn. Ṣùgbọ́n ní ayé tí ìjọba lè yí ọ̀sán padà pẹ̀lú ìwé òfin, tí akọ̀wé sì lè fi ògiri gba owó lọ́wọ́ àgbẹ̀, aago tí ń rìn nínú àpò agbádá jẹ́ ẹ̀rí tí kò ṣeé tì lójú. Iyì aṣọ náà wà nínú ohun tí ó gbé pamọ́.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí yín. Ọ̀pọ̀ irú aago báyìí ṣì wà nínú àpótí ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ní Àgọ́-Ìwòyè níbí àti lẹ́bàá ọ̀sà ní Ogun Waterside. Kí ẹ tó gbé e fún ẹnikẹ́ni, ẹ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ wo inú ìdérí, ẹ da gbogbo ìlà tí ẹ bá rí kọ sínú ìwé, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà ara ẹ̀rọ rẹ̀ sí i. Ẹ má jẹ́ kí a gbo inú rẹ̀. Bí ìwé ìṣirò bá wà nínú àpótí kan náà, ẹ má dá a sun.

Ní ọjọ́ Ojúde Ọba, àbúrò bàbá mi gbé aago náà wọ̀ lórí aṣọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wọn. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni ó fi ń lọ́ra lójoojúmọ́. Òṣìṣẹ́ ojú irin kò ní gbà á. Nígbà tí ìlù ti ń dún, wọ́n ṣẹ́wọ́ sí mi, mo sún mọ́ wọn. Wọ́n fà á yọ, wọ́n gbé e sí mi létí, wọ́n ní, "Gbọ́ ọ." Mo gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ni wọ́n ń fún un ní okun, lẹ́yìn náà wọ́n á pè mí lórí fóònù láti béèrè iye ìṣẹ́jú tí ó fi yàtọ̀ sí tèmi, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀.